Rélùwéè inú ṣéńjì: bí ẹ ṣe lè ṣa owó pọ́ùn méjì tó ń sọ ìtàn ọkọ̀ ojú irin Ìlú Ọba

Mo wà lára àwọn tó ń ka owó ọrẹ ní ìjọ wa ní gúúsù London. Ní ọjọ́ Àìkú kan, a da owó wẹ́wẹ́ sórí tábìlì, màmá tí a jọ ń kà á sì gbé pọ́ùn méjì kan sókè síná. Wọ́n ní, "Ẹ wá wo eléyìí. Fàkàfìkì ló wà lára rẹ̀ o." Òótọ́ ni. Ọkọ̀ ojú irin ayé ijọ́un ni wọ́n yà sẹ́yìn owó náà, kẹ̀kẹ́ eléyín sì yí i ká. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ná irú owó bẹ́ẹ̀ láìyí i padà wò. Mo fi pọ́ùn méjì tèmi rọ́pò rẹ̀ níṣojú àwọn tó kù, mo mú un relé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó gbà mí ní nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó pé. Pọ́ùn mẹ́wàá péré ni gbogbo wọn, bí mo bá yọ owó òmùgọ̀ kan tí mo san kúrò, èyí tí màá sọ níwájú. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn: ìtàn rélùwéè Ìlú Ọba láti 1804 títí dé 2013 wà nínú ṣéńjì tí wọ́n ń kó lé yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń wá kò ní láti rà á lọ́wọ́ oníṣòwò kankan.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ojú àwọn márààrún

Pọ́ùn méjì tí à ń ná yìí bọ́ sígboro ní oṣù Kẹfà ọdún 1998. Oríṣi irin méjì ni wọ́n so pọ̀: òrùka òde pọ́n bí wúrà, àárín funfun bí fàdákà. Èyí tó pọ̀ jù nígboro, tí Bruce Rushin yà, òbìrìkìtì inú òbìrìkìtì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ lára ìyẹn, ẹ ná an. Márùn-ún ni ẹ ń wá.

Ti 2004 ni bàbá gbogbo wọn. Robert Lowe ló yà á. Ọkọ̀ tí Richard Trevithick ṣe ló wà lára rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tó sì yí i ká ni R.TREVITHICK 1804 INVENTION INDUSTRY PROGRESS 2004. Ìtàn rẹ̀ dùn. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ irin kan ní Penydarren ní ilẹ̀ Wales, Samuel Homfray, bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Richard Crawshay ta tẹ́tẹ́ 500 guinea, owó Ìlú Ọba àtijọ́, pé ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ lè wọ́ irin tọ́ọ̀nù mẹ́wàá láti ibẹ̀ dé Abercynon, ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì mẹ́wàá. Ẹṣin ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1804, Trevithick tó jẹ́ ọmọ Cornwall tanná sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó wọ́ irin náà, nǹkan bí àádọ́rin ọkùnrin sì tún fò gun ẹrù. Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n lò. Ọkọ̀ borí, ṣùgbọ́n ojú irin kò gbà á: ó wúwo jù, irin ń kán lábẹ́ rẹ̀. Trevithick kú ní 1833 ní Dartford láìní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló dáwó sin ín. Dartford yìí kan náà tí àwọn ará wa ń kó lọ láti gúúsù London o.

Ohun mìíràn tó wù mí lára owó yìí ni ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. Llantrisant ní Wales ni The Royal Mint, ilé ìrọwó ìjọba, wà, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà sì ni Llantrisant àti Abercynon wà. Ẹ̀yìnkùlé ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí gan-an ni wọ́n ti rọ owó ìrántí rẹ̀. 5,004,500 ni wọ́n rọ.

Ní 2006, ó pé igba ọdún tí wọ́n bí Isambard Kingdom Brunel, ẹnjiníà tó la ojú irin Great Western láti London dé Bristol. Owó méjì ni wọ́n rọ fún un. Lára ti Rod Kelly, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni ẹ máa rí, ó dé fìlà gogoro, ṣéènì ńláńlá wà lẹ́yìn rẹ̀. 7,928,250 ni èyí. Lára ti Robert Evans, òrùlé ibùdókọ̀ Paddington ni, irin rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun, wọ́n sì kọ BRUNEL sí i gàdàgbà. 7,452,250 nìyẹn. Etí èyí tó ní òrùlé ni wọ́n kọ SO MANY IRONS IN THE FIRE sí. Alágbẹ̀dẹ tó ki irin púpọ̀ bọná lẹ́ẹ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí, ó sì bá Brunel mu, nítorí bó ṣe ń la ojú irin ló ń gbẹ́ ihò abẹ́ òkè, ló ń ṣe afárá, ló tún ń kan ọkọ̀ ojú omi. Orí rẹ̀ náà le. Nígbà tí àwọn yòókù ń tẹ́ irin wọn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínǹṣì mẹ́jọ ààbọ̀ láàárín, ó ní tòun á fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méje àti ìdámẹ́rin ínǹṣì. Ọdún 1892 ni wọ́n tó tú èyí tó kù nínú rẹ̀. Fún ẹni tó bá fẹ́ fi wé tiwa: èyí tí wọ́n tẹ́ láti Ìddó gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn láyé òyìnbó amúnisìn kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ.

Méjì tó kù jẹ́ ti 2013, àádọ́jọ ọdún ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ London. Ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 1863 ni ará ìlú kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, láti Paddington dé Farringdon. Ẹ̀rọ eléèéfín ni wọ́n fi wọ́ ọ nínú ihò o! Ẹ ro bí imú àwọn èrò ṣe máa rí. Owó kan ní imú ọkọ̀ tó ń yọ jáde nínú ihò. Edward Barber àti Jay Osgerby, àwọn kan náà tó ṣe ògùṣọ̀ Òlíḿpíìkì 2012, ló yà á. Èkejì, tí Edwina Ellis yà, ní àmì òbìrìkìtì tí ọ̀pá dábùú rẹ̀ tí ẹ máa ń rí níwájú ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Etí rẹ̀ ni wọ́n kọ MIND THE GAP sí, ìkìlọ̀ tí wọ́n máa ń ké ní ibùdókọ̀ pé kí èrò ṣọ́ àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ àti ibi ìdúró. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí ohùn yẹn ti wọ̀ mí létí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè máa sọ ọ́ lójú oorun. 1,690,000 ni wọ́n rọ nínú èyí tó ní ọkọ̀, 1,560,000 nínú èyí tó ní àmì. Àwọn méjì yìí ló máa pẹ́ jù kí ẹ tó rí.

2. Ibi tí ẹ ti máa wá wọn

Sókótó tí à ń lọ, inú àpò ṣòkòtò ni. Ẹ yẹ kóló inú ilé wò, ẹ yẹ abẹ́ ìjókòó mọ́tò, ẹ yẹ àpò kóòtù tí ẹ kò wọ̀ láti ìgbà òtútù èṣín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí báńkì. Bí ẹ bá mú ogún pọ́ùn wá sórí káńtà, wọ́n lè fún yín ní ọ̀rá kékeré kan tó ní pọ́ùn méjì mẹ́wàá nínú. Ẹ ṣà á, ẹ kó èyí tí ẹ kò fẹ́ padà, ẹ tún gba òmíràn. Ẹ má ṣe é ní báńkì kan náà lójoojúmọ́, kí akọ̀wé má baà máa rí yín kó máa mí kanlẹ̀.

Ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ tó ń ta ẹran tàbí iṣu lọ́jà ti rí oore. Owó onírin kì í wọ́n lọ́wọ́ wọn. Kí ẹ gbé owó bébà lọ nírọ̀lẹ́, ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí ẹ yẹ àpótí wò. Ní ti ìjọ tàbí ẹgbẹ́ tí ẹ ti ń bójú tó owó, mo bẹ̀ yín, ẹ má pààrọ̀ ohunkóhun láìsí ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ kọ́kọ́ fi tiyín lélẹ̀ kí ẹ tó mú èyí tí ẹ fẹ́.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ kò ronú kàn: Nàìjíríà. Àwọn ìyá wa tó wá sí London wá wẹ ọmọ tuntun fún àwọn ọmọ wọn, wọn kì í padà sílé láìsí owó wẹ́wẹ́ Ìlú Ọba nínú báàgì. Àwọn tó ń ṣe pààrọ̀ owó lọ́hùn-ún, owó bébà ni wọ́n ń bá yín dúnàádúrà lé lórí. Ti onírin wà nínú àpótí aṣọ láti ọjọ́ náà. Inú àpò kékeré màmá ọkọ mi ní Ìbàdàn ni mo ti rí Brunel onífìlà. Wọ́n ní kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ, kí n ṣáà bá wọn ra bàtà bọ̀.

Nínú irú àpò bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti máa rí pọ́ùn kan roboto ayé àtijọ́ pẹ̀lú. Edwina Ellis kan náà ya afárá mẹ́rin sẹ́yìn wọn láàárín 2004 sí 2007, méjì nínú wọn sì jẹ́ ti rélùwéè: afárá Forth ní Scotland ní 2004, èyí tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbà láti 1890, àti Egyptian Arch nítòsí Newry ní Àríwá Ireland ní 2006. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2017 ni ìjọba fòpin sí níná pọ́ùn roboto, kò pọn dandan kí ṣọ́ọ̀bù gbà á mọ́, nítorí náà kò dun ènìyàn láti fi í pa mọ́. Àmọ́ ayédèrú pọ̀ nínú wọn nígbà ayé wọn: The Royal Mint fojú bù ú pé ó tó nǹkan bí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

3. Ṣé ògidì ni?

A ń pè é ní owó onírin, ṣùgbọ́n kò sí irin Ògún nínú pọ́ùn méjì rárá. Bàbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n wá fi níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì lù ú. Nítorí náà, ẹ mú òòfà tó wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì yín, ẹ gbé e sún mọ́ owó náà. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ayédèrú ni. Ìdánwò yìí kò náni ní nǹkan kan, òun sì ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù: 12 ló yẹ kó jẹ́. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 28.4. Ẹ wo ibi tí òrùka òde ti pàdé àárín. Lára ògidì, ẹ máa rí i pé irin méjì ni lóòótọ́, àlà wọn mọ́ kedere. Ayédèrú a máa jẹ́ irin kan ṣoṣo tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, bó bá pẹ́ lọ́wọ́, ọ̀dà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Lẹ́yìn náà, ẹ di orí Ọbabìnrin mú kó dúró ṣánṣán, kí ẹ yí owó náà bí ẹni ṣí ewé ìwé. Ó yẹ kí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn náà dúró ṣánṣán. Gbogbo márààrún ló gbé orí Ọbabìnrin Elizabeth tí Ian Rank-Broadley yà, ẹ máa rí IRB wínníwínní lábẹ́ ọrùn. Bí ẹnikẹ́ni bá mú Trevithick wá tó ní orí ọba Charles lára, ẹ kí i, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Etí ló máa ń ru àwọn ènìyàn lójú jù. Ti Trevithick kò ní ọ̀rọ̀ kankan létí. Àwòrán tó ń tẹ̀ wọ́lọ́wọ́lọ́ bí ẹsẹ̀ afárá ló yí i po. Ti 2013 tó ní imú ọkọ̀ náà kò ní ọ̀rọ̀, ìlà bíi ti àwòrán ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni. Mo mọ ẹni tó ná Trevithick tirẹ̀ nítorí ó rò pé ayédèrú ni, pé "wọn ò kọ nǹkan kan sétí rẹ̀." Ti Brunel onífìlà, ohun tó yẹ kí ẹ kà ni 1806-1859 ISAMBARD KINGDOM BRUNEL ENGINEER.

4. Ẹ má fọ̀ ọ́

Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé ohun tó bá ṣú, kí á fọ̀ ọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni wọ́n fi ń fọ abọ́ idẹ nílé wa, á sì máa dán yànrànyànràn. Bí ẹ bá fi ṣe owó yìí, ẹ ti bà á jẹ́. Àwọn tó mọ owó ń wo bí ojú irin náà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀, fífọ̀ a sì máa họ ọ́ wínníwínní, kò ní í padà mọ́ láéláé. Kódà ọ̀dà ìdọ̀tí tó wà lára rẹ̀ sàn ju ìyẹn lọ. Bí ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ṣàn án, kí ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ẹ má gbo ó.

Etí ni kí ẹ fi ìka méjì dì mú. Inú ike kékeré olómorí tó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú mìlímítà 28.4 ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, tàbí páálí tí wọ́n ṣe fún un. Ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bí aṣọ òjò tuntun kò dára: bó bá pẹ́, á mú kí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ yọ sára owó. Ẹ má gbé e sí ilé ìdáná.

5. Iye rẹ̀, àti pọ́ùn 25 tí mo sọ sómi

Nígbà tó ku ẹyọ kan kí tèmi pé, ara mi kò gbà á mọ́. Mo rí MIND THE GAP kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń tà á ní wọ́n kọ etí rẹ̀ sódì, pé bí orí Ọbabìnrin bá dojú sókè, ọ̀rọ̀ náà á dorí kodò, pé irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Mo san pọ́ùn 25. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo mọ̀ pé wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ sí etí kí wọ́n tó lu orí àti ẹ̀yìn mọ́ ọn, bó bá sì ṣe já sínú ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń lù ú. Tó bá jẹ́ mẹ́wàá ló wà lọ́wọ́ yín, nǹkan bí ìdajì máa dorí kodò. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Owó tèmi ń bẹ nínú ike rẹ̀ dòní, mo sì máa ń fi han àwọn ọmọ pé ilé ẹ̀kọ́ gíga mi nìyí.

Nítorí náà, kí ẹ tó san ju pọ́ùn méjì lọ, ẹ lọ sí eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ orúkọ owó náà, kí ẹ sì yan àwọn èyí tí wọ́n ti tà, ẹ má wo èyí tí wọ́n ṣì ń polówó. Ẹnikẹ́ni lè kọ pọ́ùn ẹgbẹ̀rún sára ọjà. Iye tí ẹlòmíràn ti san ló ń sọ òótọ́. Ẹ máa rí i pé Brunel méjèèjì tí wọ́n ti ná kì í kúrò ní iye tí wọ́n kọ sí i lára púpọ̀, ti 2013 a máa fi díẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n rọ ló fà á. Pọ́ùn méjì tó ṣọ̀wọ́n jù nínú èyí tí wọ́n kó sígboro, ti eré ìdárayá Commonwealth 2002 tó ní àsíá Àríwá Ireland, 485,500 péré ni. Kò sí ọkọ̀ ojú irin kankan tó sún mọ́ ọn.

Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ rà, gbàǹjo sàn ju iye àtẹ lọ. Ẹ pinnu iye tí ẹ kò ní í kọjá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ sì pa fóònù lẹ́yìn tí ẹ bá ti fowó lé e. Ẹ béèrè fún fọ́tò ojú, ẹ̀yìn àti etí.

6. Àwọn tí kò sí nígboro

Yàtọ̀ sí ti ìnáwó, The Royal Mint tún ń ta oríṣi tí wọ́n ń pè ní proof, tí wọ́n fi ìṣọ́ra lù kó lè dán bíi dígí, nínú fàdákà tàbí wúrà. Ẹ máa gbọ́ piedfort pẹ̀lú, ìyẹn ni èyí tó nípọn ìlọ́po méjì. Wọ́n rẹwà, mi ò purọ́. Àmọ́ owó tí kò dé ọjà rí, tí kò gba ọwọ́ onígbàjámọ̀ àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì kọjá, kò wù mí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rà á, ẹ tọ́jú páálí àti ìwé ẹ̀rí rẹ̀, nítorí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín á béèrè. Ti 2023 tí wọ́n rọ fún ọgọ́rùn-ún ọdún Flying Scotsman wà nínú irú èyí: inú páálí ni wọ́n ti ń tà á, ẹ má wulẹ̀ dúró dè é nínú ṣéńjì. Ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní Doncaster ni, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ní 1934 pé eré rẹ̀ dé ìwọ̀n máìlì 100 ní wákàtí kan.

7. Nígbà tí wọ́n bá pé

Ẹ tò wọ́n ní bí ìtàn ṣe lọ, ẹ má fi ọdún tí wọ́n rọ wọ́n tò ó nìkan. Bí mo ṣe to tèmi ni pé Trevithick wà lápá òsì, Brunel onífìlà tẹ̀ lé e, òrùlé Paddington wà láàárín, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ méjì wà lápá ọ̀tún. Àárín yẹn ni oríta tí wọ́n ti pàdé, nítorí Paddington ni ojú irin Brunel ti ń bẹ̀rẹ̀, Paddington náà ni ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ti kọ́kọ́ gbéra ní 1863.

Mo kó márààrún sápò lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan pẹ̀lú àbúrò ọkọ mi. Ẹ lọ ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ń gba òkè wọlé. Ẹ dúró síbi tí ẹ kò ti ní í dí àwọn tó ń sá tẹ̀ lé ọkọ̀ lọ́nà, kí ẹ gbé owó Robert Evans sókè ní ọ̀gangan ojú, kí ẹ wá wo irin òrùlé tó tẹ̀ lókè yín láti 1854. Ère Brunel wà ní ibùdókọ̀ náà, ó jókòó. Àbúrò mi wo ère, ó wo owó, ó ní, "Aǹtí, ó ti ṣí fìlà."